Ọ̀já Tí Kò Lẹ́nu

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíyẹmí han gooro kí Ìyá Wúràọlá tó parí òwe tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹrù tí apá ò bá ká—" ni obìnrin náà ṣì ń wí, níbi tó ti ń fa àwọ̀n tútù wálẹ̀ lórí ìkọ́, tí ẹ̀gbà fi figbe ta bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Gbogbo ilé àwọ̀n pa lọ́lọ́. Iná pupa tàn lára ẹ̀gbà náà, ohùn kan tó tutù bí ohùn olùkọ́ ọmọ kékeré sì ti inú rẹ̀ jáde.

"Ìkìlọ̀. Mo gbọ́ òwe tó ní ìmọ̀ràn nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí aláboyún dá inú ara rẹ̀ rò. Ẹ ṣeun."

"Ìmọ̀ràn wo?" Ìyá Wúràọlá ju àwọ̀n sílẹ̀, omi ta sí gbogbo wọn lẹ́sẹ̀. "Àwọ̀n ni mò ń bá wí! Ṣé èèyàn ò tún lè bá àwọ̀n wí mọ́ lórí òkè yìí? Apá mi nìyí, ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wò ó bóyá ó ká a!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín abẹ́ ahọ́n ni. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbà náà, bí ìyá tó ń bo ọmọ tó ń dójú tì í lẹ́nu níwájú àlejò.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Elétí-ọfẹ́ ò mọ eré."

"Mo rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó, ṣé a ṣì lè bi ọ́ bóyá o jẹun láàárọ̀? Àbí oúnjẹ náà ti di ìmọ̀ràn?"

"Ẹ lè bi mí, mà. Mo jẹ ẹ̀bà."

"Ẹ̀bà? Láàárọ̀? Pẹ̀lú—" Ìyá Wúràọlá la ẹnu, ó tún pa á dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́rìí mi."

Bó ṣe gbé ọwọ́ sókè ni apá ẹ̀wù rẹ̀ ṣí wálẹ̀, Ìbíyẹmí sì rí àpá funfun tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ Elétí-ọfẹ́ rí ló ní irú àpá bẹ́ẹ̀. Wúràọlá nìkan ni ọmọ tí obìnrin yìí bí, ara rẹ̀ sì le koko, ó ti lọ sílé ọkọ. Oyún tó tẹ̀lé e, tí ìyá rẹ̀ torí rẹ̀ wọ ẹ̀gbà, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Obìnrin náà rí ibi tí ojú Ìbíyẹmí ń wò. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Láti ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò ti jáde ni wọ́n ti de ẹ̀gbà náà mọ́ Ìbíyẹmí lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kíún ni wọ́n gbà lára rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, ẹ̀rọ sì ka ọmọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ojú ọ̀run. Ọmọ náà yóò wá láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbé e láéláé. Ọrùn rẹ̀ yóò pẹ́ kó tó le. Ọ̀rọ̀ lè dé ẹnu rẹ̀, ó sì lè má dé. Yóò mọ èèyàn, yóò máa rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà méjì ló wà," ni obìnrin aláṣọ funfun wí fún un, "kí o jẹ́ kó wá, tàbí kí o jẹ́ kó padà. Òfin fọwọ́ sí méjèèjì. Sọ ìpinnu rẹ fún ẹ̀gbà kí oṣù tuntun tó lé. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tì ọ́ sí ọ̀nà kankan."

Ẹnikẹ́ni yẹn, ìyá wà nínú rẹ̀, ọkọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pòwe, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á mú un wọ ọkọ̀ okùn tó ń rọ̀ lófuurufú lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí òkun ti ń lá ẹsẹ̀ àwọn ilé àtijọ́, kò sì ní í gòkè wá títí ìpinnu yóò fi wáyé.

Ìyá Ìbíyẹmí gan-an wà nísàlẹ̀ báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n de ẹ̀gbà náà, kí ọmọ tó jókòó tán, ni ìyá ti rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn: "Ọmọ mi, tó bá jẹ́ èmi ni—" Ibẹ̀ ni igbe ti ta. Àwọn olùṣọ́ wá, wọ́n kí ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n bá a gbé àpò rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Èyí dénú Ìbíyẹmí, kò di odidi. Ó há síbẹ̀ bí egungun ẹja. Tó bá jẹ́ ìyá òun ni, kí ni ìyá òun ì bá ṣe?

Kò sì lè bú òfin náà. Ìkà kọ́ ló ṣe é, ẹkún ló bí i. Nígbà tí àwọn ìyá ìyá wọn ṣì jẹ́ ọmọge, ọmọbìnrin kan lóyún irú èyí. Ìyá ọkọ ń fà á síhìn-ín, àwọn oníwàásù ń fà á sọ́hùn-ún, àwọn dókítà ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn ló sì ní ìfẹ́ ni. Ọmọbìnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó jáde lọ sí etí àpáta níbi tí wọ́n ń ta àwọ̀n sí, kò sì padà wálé mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni àwọn àgbà Òkè-Àsálà jókòó, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu wa sinmi.

Ẹnu sì sinmi. Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ti wá mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà ní ẹrù tirẹ̀. Ó wúwo ju ariwo lọ.

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí odò lórí Òkè-Àsálà, kùrukùru ni wọ́n ń mu. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí kùrukùru bá ń rọ́ bọ̀ láti ojú òkun, àwọ̀n gíga tí wọ́n ta sẹ́nu àpáta á gbá a mú, á máa kán tó, tó, tó sínú ọpọ́n, á sì ṣàn lọ sínú àgbá ìlú. Atẹ́gùn a sì máa fa àwọ̀n ya. Ẹ̀rọ mọ bá a ṣe ń hun ún, kò mọ bá a ṣe ń tún un ta. Iṣẹ́ àwọn obìnrin nìyẹn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní kókó tirẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Bí kókó kan bá tú, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wo ọwọ́ tó ta á, wọ́n á sì pe olúwa rẹ̀ pé, "Kókó rẹ kan tú o," òun náà á ní, "Mú un wá." Ẹni tó ta kókó ló ń dáhùn fún kókó. Ìbíyẹmí mọ ọwọ́ gbogbo wọn. Ti Ìyá Láníhun, tó dàgbà jù níbẹ̀, ló rọrùn jù láti mọ̀, torí pé ọwọ́ òsì ló fi ń ta tirẹ̀. Kókó rẹ̀ máa ń yí padà sẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Ìyá Láníhun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti dé ọwọ́ Ìbíyẹmí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ mọ́.

* * *

Oyèníran, ọkọ rẹ̀, dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn gíríìsì lára. Òun ló ń wa ọkọ̀ okùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"O kú ilé." Ó fọwọ́, ó jókòó ti oúnjẹ. "Ọbẹ̀ yìí dùn."

"Mo gbàgbé iyọ̀."

"Bó ṣe dùn náà nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán kíá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká, bí ẹni tó ń rìn yí etí kànga ká. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ aládùúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ wáyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbíyẹmí bá a níbi tó dúró sí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn, tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ìlú yìí. Àtẹ̀gùn lọ sọ́jà, àtẹ̀gùn lọ sílé ìwé, àtẹ̀gùn lọ sí ìtẹ́ òkú pàápàá. Ìbíyẹmí ò mọ̀ bóyá ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ wó o ni, àbí bí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò sì lè béèrè, kí ọkọ rẹ̀ náà má bàa di ará ìsàlẹ̀.

Nígbà tó jẹun tán, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé aṣọ kan tí wọ́n ká bí ẹní wá síwájú.

"Ìyá wa ní kí n fún ọ."

Ìbíyẹmí dìde. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n kàn wá dúró sí ẹnu ibùdókọ̀, wọ́n dì í mọ́ àyà. Àwọn olùṣọ́ tú u wò, wọ́n gbé e sétí ẹ̀rọ, wọ́n ní aṣọ lásán ni." Ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìbíyẹmí."

"Ẹ̀n?"

Iná pupa ò tíì tàn lára ẹ̀gbà, ìyeyè ló tàn. Ó ń fetí sílẹ̀. Oyèníran wò ó, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ìbíyẹmí rí i bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Kò sí nǹkan. Okùn ọkọ̀ ni mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìbíyẹmí gbé aṣọ náà lọ sẹ́nu fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù sí. Ó tú u. Ọ̀já ni, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀já tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tú u títí ó fi kan ògiri kejì, kò tíì tán. Ọ̀já méjì ni wọ́n rán papọ̀. Ọmọ wo ni wọ́n ń fi ọ̀já tó gùn tó yìí pọ̀n?

Àlàó. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn rí, irùngbọ̀n sì ti hù lágbọ̀n rẹ̀ kó tó kú, ṣáájú kí wọ́n tó bí Ìbíyẹmí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀ nílé. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀ lẹ́yìn ìbàdí, á wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìbíyẹmí fi ìka ka aṣọ náà bó ṣe ń fi ìka ka àwọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń so ó láyà ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Iyọ̀ òógùn ti gbẹ sára rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò. Ihò wẹ́wẹ́ wà níbi kan tí eyín ti gbá a mú. Ẹni tó wà lẹ́yìn náà ló ge é jẹ, nígbà tí nǹkan ń dùn ún tí kò ní ẹnu láti fi wí. Ó gbé e símú. Òórùn àdín ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ àwọn tó lẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ nìyí, kókó kéékèèké tó fara mọ́ra. Èyí ni ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kókó ọmọdé ni, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó sì ń le sí i bó ṣe ń lọ, títí tó fi di ọwọ́ tí Ìbíyẹmí mọ̀. Orí aṣọ yìí ni ìyá rẹ̀ gbé dàgbà. Ọwọ́ kan tún wà tó fi òwú pupa ta kókó tó rẹwà, kókó gbàgàdà. Ó hàn níhìn-ín, ó hàn lọ́hùn-ún, ó sì dáwọ́ dúró láàárín, kò sí mọ́ títí dé ìparí. Ta nìyẹn? Ṣé ó kú ni? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, tó sì bá tirẹ̀ lọ? Aṣọ ò wí.

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ náà ló ń bà á lẹ́rù, ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn òun bá tẹ̀ ni. Ọjọ́ tí òun bá wà nílẹ̀ tí òun ò lè dìde, tí ọmọ náà sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn lábẹ́ òfin, ó sì ti mú un fẹ́ sọ fún Elétí-ọfẹ́ nígbà púpọ̀ pé kí ọmọ náà padà, kí òun lè sùn.

Ó ń ká ọ̀já náà padà nígbà tí ìka rẹ̀ kan kókó kan lẹ́bàá ìparí. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó tún fọwọ́ kàn án. Kókó náà yí padà sẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Òmíràn wà nítòsí rẹ̀, òmíràn sì wà. Ọ̀kan nínú wọn ti tú.

* * *

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ilé àwọ̀n, kò kọjá sí ààyè rẹ̀. Ó lọ tààrà síwájú Ìyá Láníhun, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ ọ̀já náà sórí itan arúgbó náà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kókó yín kan tú."

Gbogbo ọwọ́ dúró. Ẹ̀gbà tan iná ìyeyè. Ó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Iná náà kú.

Ìyá Láníhun gbé àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo aṣọ náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ibi tí eyín ti mú un, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ọ̀rẹ́ ìyá ìyá Ìbíyẹmí ni nígbà èwe, gbogbo ayé mọ ìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ẹ̀yìn òun náà ti gbé Àlàó nínú ọ̀já náà rí.

"Mú un wá," ó ní níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí itan rẹ̀ ló wà. "Abẹ́rẹ́ dà?"

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Ó fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Ó gbìyànjú, kò wọlé. Ìyá Wúràọlá dìde níbi tó wà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ìbíyẹmí ti mọ̀ ọ́n, kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó gba abẹ́rẹ́, ó fi ẹnu pọ́n òwú náà, ó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, ó fi lé arúgbó náà lọ́wọ́. Ó yí padà, ó sì jáde lọ sídìí àpáta, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ìyá Láníhun tún kókó tó tú náà ta. Iṣẹ́ àná nìyẹn, gbèsè àná. Ìbíyẹmí rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n arúgbó náà ò já òwú. Ó fa ọ̀já náà síwájú títí dé etí rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó tuntun. Ó yí padà sẹ́yìn. Ó fà á le. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ìbíyẹmí lójú.

Ẹni tó ta kókó ló ń dáhùn fún kókó.

Elétí-ọfẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni ì bá gbọ́? Abẹ́rẹ́ kì í sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn ìyẹn, ó wá ta tirẹ̀. Òmíràn wá. Àwọn kan ò wá, wọ́n tẹjú mọ́ àwọ̀n iwájú wọn, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Ìbíyẹmí rí wọn, ó fi í sọ́kàn pẹ̀lú. Aṣọ náà ò purọ́ rí, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú àwọn tó wá náà, ó ṣeé ṣe kí olówùú pupa mìíràn wà níbẹ̀, tí yóò dáwọ́ dúró láàárín. Ó mọ̀. Ó gbé ọ̀já náà wọ̀n lọ́wọ́. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ìdákẹ́jẹ́ ni kò ní ìwọ̀n.

"Elétí-ọfẹ́," ó ní. "Mo ti ṣe tán."

"Mò ń gbọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbà ọ́ nímọ̀ràn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan."

"Ṣé ìpinnu tìrẹ nìkan ni?"

Ó wo àwọn kókó náà. "Tèmi ni," ó ní. Kò fi nǹkan kan kún un.

"Sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Ẹ̀gbà náà ṣí, ó já bọ́ sórí ilẹ̀ tó tutù, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àgbá. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ agogo ọkọ̀ okùn nísàlẹ̀ tó ń dún fún àwọn tó fẹ́ gòkè. Oyèníran ló ń wà á lónìí. Òun ni yóò gbé ìyá Ìbíyẹmí wá pẹ̀lú àbọ̀ gbólóhùn rẹ̀. Oyèníran náà ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé mì lánàá. Lálẹ́ òní Ìbíyẹmí yóò gbọ́ méjèèjì, bó dùn bó korò. Ó ti di ọ̀rọ̀ lásán, ìyẹn ni pé wọ́n ti lè jọ sọ ọ́.

Ẹnu gbogbo obìnrin inú ilé àwọ̀n ti gba òmìnira, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Omi ń kán tó, tó, tó.

"Ìyá Wúràọlá!" Ìyá Láníhun pariwo sí ìta.

"Mà?"

"Irú òwú wo lo kì sójú abẹ́rẹ́ yìí? Òwú àwọ̀n ni o. Ọmọ la fẹ́ fi pọ̀n, kì í ṣe kùrukùru. Wá èyí tó nípọn wá!"

Ìyá Wúràọlá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Òwú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú dúdú tó nípọn, tí wọ́n fi ń so igun àwọ̀n mọ́ àpáta. Ìbíyẹmí na ọwọ́ gbà á. Àpá funfun méjì pàdé lórí òwú kan, ọ̀kan ti gbó, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oòrùn.

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ẹ̀ẹ̀kan," ni Ìyá Wúràọlá wí. "Ẹ̀yin lẹ ò pè mí."